Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Yíyan Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíramà fún Ọmọ tí Ó Parí Ìwé Mẹ́fà

Ìgbà tí èsì ìdánwò àṣewọ ilé-ẹ̀kọ́ gíramà bá jáde ni ọkàn òbí máa ń dààmú jù lórí ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀. Nínú ilé kan, ariwo ayọ̀ ni a óò máa gbọ́. Nínú ilé kejì, gbogbo rẹ̀ a pa rọ́rọ́ bí ẹni pé ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí kò sábà ju ọmọ ọdún mọ́kànlá tàbí méjìlá lọ. Ó yẹ kí a mọ ibi tí ìbẹ̀rù yìí ti ṣẹ̀ wá, kí a mọ̀ bóyá ìdí rẹ̀ ṣì wà, kí a sì mọ ọ̀nà tí òbí àti olùkọ́ lè gbà ka èsì náà kí ó lè tọ́ wọn sọ́nà.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ rọ́ wọ ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ gíramà kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. C.M.S. Grammar School ti wà ní Èkó láti ọdún 1859, Abẹ́òkúta Grammar School láti ọdún 1908, Ìbàdàn Grammar School láti ọdún 1913, Government College Ìbàdàn láti ọdún 1929, àti Christ's School ní Adó-Èkìtì láti ọdún 1933. Àwọn àti irú wọn kò lè gba gbogbo ọmọ tí ó parí ìwé mẹ́fà, owó sì ni a fi ń kàwé níbẹ̀. Nítorí náà ni ìjọba fi dá ilé-ẹ̀kọ́ mọ́dà ọlọ́dún mẹ́ta sílẹ̀ fún àwọn tí kò rí ààyè. Ní ayé ìgbà náà, bí ajọ̀ ni ìdánwò àṣewọlé rí: ọmọ tí kò bá kọjá nínú rẹ̀ lè máa lọ sí ẹnu iṣẹ́ ọwọ́ tàbí oko, kí ìwé kíkà rẹ̀ sì parí síbẹ̀. Òbí tí ẹ̀rù bà nígbà náà kò jẹ̀bi.

Nǹkan ti yí padà láti ìgbà náà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1979, àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Oǹdó àti Bendel sọ ẹ̀kọ́ gíramà di ọ̀fẹ́. Ní ọdún 1982 ni a bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ tuntun tí ó pín ilé-ẹ̀kọ́ gíramà sí ọlọ́dún mẹ́ta àkọ́kọ́ àti ọlọ́dún mẹ́ta àgbà. Nígbà tí ó sì di ọdún 2004, òfin ẹ̀kọ́ àpapọ̀ sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo ọmọ kàwé fún ọdún mẹ́sàn-án, mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti mẹ́ta ní gíramà, láìsan owó ilé-ìwé ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Ìtumọ̀ èyí ni pé ìwé mẹ́fà kì í ṣe òpin ìrìn-àjò mọ́. Ìdánwò náà kò tún sọ bóyá ọmọ yóò máa kàwé lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ tí yóò ti kà á nìkan ni ó ń sọ. Ẹnu ọ̀nà ti fẹ̀, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ìgbà tí ó há kò tíì kúrò lọ́kàn àwọn òbí.

Ó yẹ kí a tún mọ ohun tí máàkì lè sọ àti èyí tí kò lè sọ. Àpẹẹrẹ kan tí ó hàn gbangba ni ti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ tí a ń pè ní Unity Schools, tí NECO ń ṣe ìdánwò wọn. Ní ọdún 2013, máàkì tí ọmọ ìpínlẹ̀ Anambra gbọ́dọ̀ ní kí ó tó wọlé jẹ́ 139. Ti ọmọ ìpínlẹ̀ Èkó jẹ́ 133. Ti ọmọkùnrin ìpínlẹ̀ Zamfara sì jẹ́ 4 péré. Àwọn kan sọ pé àǹfààní ni èyí fún ibi tí ẹ̀kọ́ ti falẹ̀. Àwọn mìíràn sọ pé ìrẹ́jẹ ni. Èyí ó wù kí ó jẹ́, ó fi hàn pé iye ààyè tí ó wà àti ibi tí ọmọ ti wá ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ ìwọlé. Ọmọ Èkó tí ó gba 130 kò rí ààyè ní ọdún náà, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó lè pè é ní olódo.

Ọ̀rọ̀ èdè tún wà níbẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń béèrè ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ àwùjọ nínú ìdánwò yìí. Bí ọmọ bá ṣi ìbéèrè ìṣirò dáhùn, ó lè jẹ́ pé kò mọ ìṣirò. Ó sì lè jẹ́ pé ìbéèrè gan-an ni kò yé e. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A" ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí a ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, tí olùkọ́ tí ó mọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ nínú àwọn ẹ̀kọ́ yòókù, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì burú ju ti ẹgbẹ́ wọn lọ. Ẹ̀kọ́ tí èyí kọ́ni ni pé òye ọmọ yàtọ̀ sí èdè tí a fi wọ̀n ọ́n.

Báwo, nígbà náà, ni kí òbí ṣe yan ilé-ẹ̀kọ́? Èkíní, kí ó má wo àpapọ̀ máàkì nìkan. Kí ó béèrè bí ọmọ ṣe ṣe nínú ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ó sì fi í wé iṣẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì láti ọdún méjì sẹ́yìn. Ọmọ tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò dán mọ́rán ń fẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ ti ráyè fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ibi tí ọmọ ọgọ́rin ti há mọ́ kíláàsì kan, bí orúkọ ibẹ̀ ti wù kí ó tóbi tó.

Èkejì, ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé-ẹ̀kọ́ tí yóò gba gbogbo owó ilé lọ́dún àkọ́kọ́ lè di ilé-ẹ̀kọ́ tí a óò yọ ọmọ kúrò nínú rẹ̀ lọ́dún kẹta, ó sì lè dá àwọn àbúrò rẹ̀ dúró. Owó ìwé, owó aṣọ, owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ wà lẹ́yìn owó ilé-ìwé.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀nà jíjìn. Ọmọ tí ó ń jí ní aago márùn-ún láti wọ ọkọ̀ méjì, tí ó sì ń délé lálẹ́, kò lè ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá kó yanjú. Bí a bá fẹ́ kí ó máa gbé ní ilé-ẹ̀kọ́, kí òbí kọ́kọ́ lọ wo ibi tí wọ́n ń sùn, omi tí wọ́n ń mu, àti ẹni tí ń ṣọ́ wọn lóru. Kí ó wo yàrá ìkàwé àti yàrá sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, kí ó sì mọ̀ bóyá àwọn ọmọ ń lò wọ́n tàbí àgádágodo ni ó wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀kẹrin, ọgbọ́n ọmọdé, ọgbọ́n àgbà, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ó yẹ kí a bi ọmọ léèrè. Òbí ni yóò sọ̀rọ̀ ìkẹyìn, ṣùgbọ́n ọmọ lè mọ ohun tí àgbà kò mọ̀: ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń kàwé, ẹ̀kọ́ tí ó fẹ́ràn, tàbí ibi tí ẹ̀rù ń bà á láti lọ.

Iṣẹ́ olùkọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí kò kéré. Òun ni ó mọ ọmọ ní kíláàsì, òun sì ni òbí tí kò kàwé máa ń gbára lé. Bí olùkọ́ bá sọ fún irú òbí bẹ́ẹ̀ pé ọmọ rẹ̀ "fèèlì", tí kò sì ṣe àlàyé, òbí lè mú ọmọ náà kúrò nílé-ìwé pátápátá, nígbà tí òfin sọ pé ó ṣì ní ọdún mẹ́ta níwájú. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti ẹnu olùkọ́ lè pinnu bóyá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò máa kàwé lọ. Ó yẹ kí ó ṣàlàyé ibi tí ọmọ lágbára sí, ibi tí ó kù sí, àti ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà nítòsí tí ó lè ràn án lọ́wọ́. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọmọ tí kò gba ọ̀nà ti ilé-ẹ̀kọ́ olórúkọ ńlá lè gba ọ̀nà mìíràn dé ibi tí ó ń lọ, bí àwọn àgbà tí ń tọ́ ọ bá ti fi ọ̀nà náà hàn án ní àkókò.