OGUN ÀGBỌ́TẸ́LẸ̀ KÌ Í PA ARỌ
Ìtàn ìjì òkun ní àwọn erékùṣù



Gbogbo wa ní Ìta-Ìjẹ̀bú ni a mọ ìjì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ojú ọ̀run á ṣú dùdù ní ìhà ìlà-oòrùn. Eruku á gbéra. Àwọn ìyá á sáré kó ata àti àgbàdo tí wọ́n sá sí ìta. Kí a tó ṣẹ́jú, afẹ́fẹ́ ti dé. Ó lè ṣí páànù kúrò lórí ilé. Ó lè wó ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí ó sì tẹ́ àgbàdo inú oko sílẹ̀ bí ẹní. Ṣùgbọ́n kì í pẹ́. Láàrin wákàtí díẹ̀, ó ti kọjá lọ sí ìwọ̀-oòrùn.

Lónìí, a ó kà nípa ìjì mìíràn tí ó tóbi ju tiwa lọ. Ojú òkun ni ó ń gbé. Ó ti pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ní àwọn erékùṣù. Erékùṣù ni ilẹ̀ tí omi yí ká. Ní rédíò, ní èdè Faransé, wọ́n ń pe ìjì yìí ní «ouragan». Nínú ìwé yìí, a ó máa pè é ní ìjì òkun.

1. KÍ NI ÌJÌ ÒKUN?

Ìjì òkun jẹ́ afẹ́fẹ́ líle tí ó ń yí po, bí ọkà ṣe ń yí nínú ìkòkò nígbà tí a bá ń fi ọmọrogùn rò ó. Ó lè fẹ̀ ju ọ̀nà Kútọnu sí Parakou lọ. Kí a tó lè pè é ní ìjì òkun, afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa sáré tó kìlómítà 119 ní wákàtí kan. Àwọn mìíràn ń sáré ju 250 lọ. Kò sí ọkọ̀ tí ó ń sáré bẹ́ẹ̀ lójú títì wa.

Ní àárín rẹ̀ gan-an, ibì kan wà tí ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ojú ìjì ni wọ́n ń pè é. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Afẹ́fẹ́ á dáwọ́ dúró, wọn á rò pé ó ti parí, wọn á sì jáde síta. Kò pẹ́, afẹ́fẹ́ á tún dé láti ìhà kejì, pẹ̀lú agbára kan náà.

Kí ni oúnjẹ ìjì òkun? Omi òkun tí ó gbóná ni. Bí omi òkun bá gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 27, ooru rẹ̀ á máa gòkè bí èyí tí ó ń jáde lórí ìkòkò. Ooru yìí ni ó ń fún ìjì ní agbára. Bí ìjì náà bá wọ orí ilẹ̀, kò rí omi gbígbóná mu mọ́. Ó dà bí iná tí a fa igi rẹ̀ yọ. Agbára rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù.

2. NÍBO NI Ó TI Ń BẸ̀RẸ̀?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìjì tí ó le jù, tí ó ń ba àwọn erékùṣù ìhà Amẹ́ríkà jẹ́, ilẹ̀ Áfíríkà wa ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní àkókò òjò, afẹ́fẹ́ máa ń ru bí ìgbì omi lókè ní àríwá wa. Ìrusókè yìí á kọjá lórí ilẹ̀ Nìjẹ̀r àti Màlì, á sì wọ òkun ní ìhà Sẹ̀nẹ̀gàl. Púpọ̀ nínú wọn kì í di nǹkan kan. Ṣùgbọ́n àwọn díẹ̀ á bá omi gbígbóná pàdé ní ẹ̀bá àwọn erékùṣù Cap-Vert, wọn á sì di ìjì òkun.

Kí ló dé tí ìjì òkun kì í kọlu Kútọnu? Ìdí rẹ̀ ni pé ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ń tì í sí. Ó ń fi ẹ̀yìn sí wa lọ. Àwọn ará Cap-Vert tí ó súnmọ́ ọ̀nà rẹ̀ pàápàá kì í sábà rí i ní kíkún, nítorí pé ó ṣì kéré nígbà tí ó bá ń kọjá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹjọ ọdún 2015, ìjì òkun tí wọ́n pè ní Fred kọlu Boa Vista, ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù Cap-Vert. Wọn kò tíì rí irú rẹ̀ níbẹ̀ láti ọdún 1892.

Láti oṣù kẹfà dé oṣù kọkànlá ọdọọdún ni àkókò ìjì òkun ní ìhà òkun yìí. Àwọn onímọ̀ ojú-ọjọ́ ń fún ìjì kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ má baà dàrú mọ́ ti òmíràn lórí rédíò.

3. OMI NI Ó Ń PANI JÙ

Ẹ bu omi sínú àwo pẹrẹsẹ. Ẹ fi ẹnu fẹ́ ẹ kíkankíkan láti ìhà kan. Kí ni ẹ rí? Omi á sún lọ sí ìhà kejì, á sì dà sílẹ̀. Ohun tí ìjì òkun ń ṣe nìyẹn. Ó ń ti omi òkun gun orí ilẹ̀. Omi náà lè ga ju ènìyàn méjì tí ó gun ara wọn léjìká lọ. Ní ilẹ̀ tí ó ga bíi tiwa ní Ṣakẹ́tẹ́ àti Pọ́bẹ̀, òkun kò lè dé. Ṣùgbọ́n ní erékùṣù tí ilẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá omi dọ́gba, níbo ni ènìyàn yóò sá sí?

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1780, ìjì òkun kan kọjá lórí àwọn erékùṣù ìhà Amẹ́ríkà, títí kan Martinique, níbi tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Ó lé ní 20,000 ènìyàn tí ó kú. Kò sí rédíò nígbà náà. Ìjì fúnra rẹ̀ ni oníṣẹ́ tí ó wá jíṣẹ́ ara rẹ̀.

4. GALVESTON, ỌDÚN 1900

Galveston jẹ́ ìlú kan lórí erékùṣù ní Texas, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ìlú ọlọ́rọ̀ ni, ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ síbẹ̀ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí ó ga jù nínú ìlú náà kò tó mítà 3 sí òkun. Àwọn kan ti sọ pé kí wọ́n mọ odi dí òkun. Àwọn mìíràn ní kò sí ewu, nítorí náà wọn kò mọ ọ́n.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án ọdún 1900, ìjì kan kọjá ní Kúbà. Àwọn onímọ̀ ojú-ọjọ́ ní Kúbà rò pé yóò lọ sí ìhà Texas. Àwọn ọ̀gá iṣẹ́ ojú-ọjọ́ ti Amẹ́ríkà kò ka ọ̀rọ̀ àwọn ará Kúbà sí. Wọ́n rò pé yóò yà sí àríwá.

Ní ọjọ́ 8 oṣù náà, ìjì náà dé Galveston. Omi bo gbogbo erékùṣù náà. Àwọn tí ó kú kò dín ní 6,000, ọ̀pọ̀ ìwé sì sọ pé wọ́n tó 8,000. Kò sí ìjì kan tí ó tíì pa ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ ní orílẹ̀-èdè náà.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó mọ odi ńlá tí ó ga tó mítà 5, tí wọ́n sì kó iyanrìn gbé ilẹ̀ ìlú náà sókè. Ní ọdún 1915, ìjì líle mìíràn dé. Àwọn tí ó kú kéré jọjọ sí ti 1900.

5. BARBUDA, ỌDÚN 2017

Barbuda jẹ́ erékùṣù kékeré ní ìhà Amẹ́ríkà. Nǹkan bí 1,800 ènìyàn ni ó ń gbé ibẹ̀ ní ọdún 2017. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ àwọn tí a kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Áfíríkà. Ní ọdún 1834 ni oko ẹrú parí níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń lo ilẹ̀ náà ní àjọlò, bí ilẹ̀ ẹbí. Ìlú kan ṣoṣo ni wọ́n ní, orúkọ rẹ̀ ni Codrington. Ẹ̀bá ọ̀sà ni ó wà, ilẹ̀ rẹ̀ sì rẹlẹ̀ gan-an.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1995, ìjì òkun Luis ba ọ̀pọ̀ ilé jẹ́ níbẹ̀. Wọ́n tún un kọ́.

Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 2017, ìrusókè afẹ́fẹ́ kan kúrò ní etíkun Áfíríkà. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ó ti di ìjì tí a sọ ní Irma. Ní òru ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án, ó dé Barbuda. Ọjọ́ 10 ni ó fi rìn. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń sáré ju kìlómítà 280 lọ ní wákàtí kan. Nǹkan bí 9 nínú ilé 10 ni ó bàjẹ́. Ọmọ kékeré kan kú.

Kò pẹ́ tí wọ́n gbọ́ pé ìjì mìíràn, Jose, tún ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọkọ̀ ojú omi àti ọkọ̀ òfuurufú kó gbogbo ará Barbuda lọ sí Antigua, erékùṣù tí ó súnmọ́ wọn. Òjò tí ó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ. Wọ́n sùn ní ibùdó tí a ṣètò fún wọn, àti lọ́dọ̀ ẹbí àti ọ̀rẹ́. Barbuda di ahoro. Láti nǹkan bí 300 ọdún, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò sí ènìyàn kan tí ó ń gbé ibẹ̀. Nígbà tí ó yá, Jose yà kúrò lọ́nà wọn. Kò sí ẹni tí ó pe ìrìn àjò náà ní òfo.

Ìṣòro mìíràn tún dé lẹ́yìn ìjì. Ìjọba fẹ́ yí òfin ilẹ̀ padà, kí ènìyàn lè máa ra ilẹ̀ ní Barbuda. Ọ̀pọ̀ àwọn ará ibẹ̀ kò gbà. Àwọn kan ṣì wà ní Antigua, láìsí òrùlé, nígbà tí àríyànjiyàn náà ń lọ. Ẹ rí i pé ẹni tí ìjì lé kúrò nílé gbọ́dọ̀ tún máa ṣọ́ ilẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó lè ka ìwé ilẹ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó lè ṣọ́ ọ dáadáa.

6. KÍ NI A RÍ KỌ́?

Ẹ wo ìyàtọ̀ náà. Ní Galveston, wọn kò ka ọ̀rọ̀ ẹni tí ó mọ̀ sí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún sì kú. Ní Barbuda, afẹ́fẹ́ le ju ti Galveston lọ, ilé sì bàjẹ́, ṣùgbọ́n ènìyàn kù. Ilé ṣeé tún kọ́. Ènìyàn kò ṣeé tún kọ́.

Ìjì òkun kì í dé ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n omi àti afẹ́fẹ́ ń bẹ níbí. Ní ọdún 2010, odò Wẹ̀mẹ̀ kún bo abúlé àti oko púpọ̀ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Nítorí náà:

Ẹ máa gbọ́ ìròyìn ojú-ọjọ́ lórí rédíò. Ẹ sọ ọ́ fún aládùúgbò tí kò ní rédíò.

Ẹ kan páànù yín mọ́ igi dáadáa kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Bí ojú ọ̀run bá ṣú ní ìlà-oòrùn, ẹ má ṣe dúró sí abẹ́ igi tàbí abẹ́ àtíbàbà ọjà.

Bí ẹ bá ní ẹbí lẹ́bàá odò tàbí ní etíkun, ẹ bi wọ́n pé: «Bí omi bá dé ní òru, ọ̀nà wo ni ẹ ó gbà jáde?» Kí wọ́n mọ ìdáhùn rẹ̀ ní ọ̀sán.

Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ. Ṣùgbọ́n arọ náà gbọ́dọ̀ gbọ́, kí ó sì tètè gbéra.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni oúnjẹ ìjì òkun?
2. Kí ló dé tí ìjì òkun kì í kọlu Kútọnu?
3. Kí ni ojú ìjì? Kí ni ewu rẹ̀?
4. Ọjọ́ mélòó ni Irma fi rìn láti etíkun Áfíríkà dé Barbuda?
5. Kí ni àwọn ará Galveston ṣe lẹ́yìn ọdún 1900?
6. Ẹ kọ gbólóhùn mẹ́ta nípa ohun tí ẹ ó ṣe ní ilé yín kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.