Ṣé O Mọ̀? Python Orí Kọ̀ǹpútà Rẹ Kì Í Ṣe Tìrẹ Nìkan

Ṣé o mọ̀ pé Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ti wà lórí kọ̀ǹpútà Ubuntu kí ó tó wá sí ọ lọ́kàn láti kọ́ ọ? Ọmọ Láfíàjí tó lọ ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ní Computer Village n'Ìkẹjà, tó ní kí wọ́n bá òun fi Ubuntu sí i, ti gbé Python dání kó tó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Ọbaléndé. Wọn ò fi ta á lọ́rẹ o. Púpọ̀ nínú irinṣẹ́ tí Ubuntu fi ń tọ́jú ara rẹ̀, Python ni wọ́n fi kọ wọ́n. Bí ọmọ náà bá wá ní Python yìí ti pẹ́ jù, kí òun yọ ọ́ kí òun fi tuntun sí i, tó tẹ sudo apt remove python3, tó sì fi y dáhùn láì ka ohun tí ẹ̀rọ kọ síwájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ di rúdurùdu. Kọ̀ǹpútà á ṣì tàn, ṣùgbọ́n ojú dúdú àti lẹ́tà funfun ni yóò bá. Àwòrán, bọ́tìnì, gbogbo ẹ̀ ti bá Python lọ.

Ṣé o mọ̀ pé nígbà kan, gbólóhùn kan wà tí apt, irinṣẹ́ tó ń kó sọ́fítíwíà wọlé tó sì ń kó o jáde, máa ń ní kí èèyàn tẹ̀ ní odindi kó tó gbà láti yọ ohun tí ẹ̀rọ kò lè ṣe aláìní? "Yes, do as I say!" ni, tòun ti àmì ìdí rẹ̀. Lọ́dún 2021, Linus Sebastian, ará Kánádà tó lórúkọ lórí YouTube, fẹ́ fi Steam tí wọ́n fi ń gbá géèmù sórí Pop!_OS, tí wọ́n yọ lára Ubuntu. Àṣìṣe kan wà nínú pákéèjì náà lásìkò yẹn. Ẹ̀rọ kìlọ̀ fún un, ó ka orúkọ ohun tó fẹ́ yọ fún un, ó ní ohun tó léwu ni. Bàbá tẹ gbólóhùn náà. Ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ pòórá nínú fídíò tí gbogbo ayé wò. Àwọn tó ń ṣe apt ti wá ti ilẹ̀kùn yẹn pa sí i. Èmi ò ní bá wọn fi Linus ṣe yẹ̀yẹ́ ṣá: ta ló ń ka ohun tó wà lójú ATM tán nínú wa?

Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti R, èdè tí Ross Ihaka àti Robert Gentleman ṣe ní Yunifásítì Auckland ní New Zealand, tí àwọn oníṣirò àti akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ iṣẹ́ ìwádìí ń lò. Tẹ sudo apt install r-base, kí o wo iye orúkọ tí yóò jáde. Bí àlejò tí wọ́n pè sí ìnáwó ní Ìsàlẹ̀ Èkó ló rí: òun nìkan ni o fún níwèé ìpè, ó kó aṣọ ẹbí dé. Nígbà tí o bá fẹ́ yọ ọ́ wá, o tẹ sudo apt remove r-base, ẹ̀rọ ní òun ti yọ ọ́. O wá tẹ R, lẹ́tà kan ṣoṣo yẹn. R ṣí! "Ẹ̀gbọ́n, mo ti yọ ọ́, ó ṣì ń dáhùn!" Kì í ṣe àṣìṣe. Kò sí R nínú r-base rárá; ohun tó wà níbẹ̀ kò ju ìlànà pé kí wọ́n pe àwọn kan wá. Inú r-base-core ni R fúnra rẹ̀ wà. Apt sì ń kọ ọ́ sílẹ̀, èyí tí o fẹnu ara rẹ béèrè àti èyí tó kàn tẹ̀lé e wọlé. Àṣẹ tó ń sin àwọn tó tẹ̀lé e wá padà sílé ni sudo apt autoremove.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo wọn ló ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́. Remove máa ń fi fáìlì ètò tó wà nínú /etc sílẹ̀, nítorí bóyá ọkàn rẹ á yí padà lọ́la. Purge ló ń kó ìyẹn. Tẹ dpkg -l, wo àwọn ìlà tí wọ́n kọ rc sí níwájú: àwọn tó ti lọ tí ẹrù wọn ṣì wà nílé nìyẹn. Purge pàápàá kì í fọwọ́ kan fóódà tìrẹ. Bí o bá ti inú R fi install.packages kó nǹkan wá, tí fóódà tìrẹ sì ni wọ́n wọ̀ sí, apt kò mọ̀ wọ́n rí. Ìwọ lo máa fọwọ́ ara rẹ pa wọ́n rẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé bí iná bá lọ lójijì láàárín iṣẹ́, gbogbo ẹ̀ kọ́ ló bàjẹ́? Láti apá ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ẹ̀rọ amúnáwá ti wà l'Ékòó, ṣùgbọ́n ará Láfíàjí tí bátìrì láptọ́ọ̀pù rẹ̀ ti kú mọ̀ pé a ò tíì bọ́ nínú ọ̀rọ̀ iná. Dpkg, tó ń bá apt ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀, ń kọ ibi tó bá pákéèjì kọ̀ọ̀kan dé sílẹ̀. Bí iná bá dé, sudo dpkg --configure -a ni kí o tẹ̀. Yóò gba iṣẹ́ náà níbi tó ti dá dúró.

Ní ti dátà tó wọ́n, ẹnì kan lè rà á fún gbogbo ilé. Apt-get máa ń tọ́jú ohun tó bá kó wá sínú /var/cache/apt/archives. Kó àwọn fáìlì .deb yẹn sórí fúláàṣì, gbé e fún aládùúgbò tí Ubuntu rẹ̀ bá tìrẹ dọ́gba, òun náà á fi R sí tirẹ̀ láì ná kọ́bọ̀ lórí dátà. Nígbà kan, ilé-iṣẹ́ Canonical tí Mark Shuttleworth, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, dá sílẹ̀ máa ń fi síídì Ubuntu ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí ẹni tó bá béèrè kárí ayé. Ọdún 2011 ni wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró.

Ṣé o mọ̀ pé láti ọdún 2023 tí Debian 12 jáde (ara Debian ni wọ́n ti yọ Ubuntu), pip, irinṣẹ́ tó ń kó nǹkan wọlé fún Python, kì í gbà mọ́ kí o kó nǹkan lé Python ẹ̀rọ lórí? Yóò ní ẹlòmíì ló ń bójú tó o. Fóódà tìrẹ ni kí o dá: python3 -m venv idanwo. Ohun tó wù ọ́ ni kí o kó síbẹ̀. Ọjọ́ tó bá sú ọ, pa fóódà náà rẹ́, ó parí, ẹ̀rọ ò tilẹ̀ ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni lọ.

Ó tún kù, ti èdè Yorùbá wa. Láti ìgbà tí Python 3 ti jáde ní 2008, o lè kọ gbèsè = 5000 nínú rẹ̀, ohùn orí rẹ̀ pé pérépéré, yóò gbà á. Linux fúnra rẹ̀ ní àtẹ bọ́tìnì Yorùbá lábẹ́ Nàìjíríà. Lọ wá a níbi ètò Keyboard. Ọmọ Nàìjíríà kan, Anuoluwapo Karounwi, sì ṣe odindi èdè kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Yorlang, níbi tó ti jẹ́ pé sọpé ni o fi ń ní kí ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ npm ló ń kó o wọlé, npm uninstall -g yorlang ló ń yọ ọ́. Ṣùgbọ́n jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ ná.

Bí o bá wà nídìí Ubuntu báyìí, tẹ apt moo. Màlúù ni yóò jáde, kò sì ní jẹ dátà.