Òkúta Ṣábẹ ti jinná nínú ilẹ̀ rí, ọ̀rọ̀ náà sì kan omi kànga wa

Ẹni tó bá wọ mọ́tò ní Àjàṣẹ́, tó gba ọ̀nà Bohicon lọ sí Ṣábẹ, yóò rí i pé ilẹ̀ ń yí padà bí ó ṣe ń lọ. Lọ́dọ̀ wa ní ìsàlẹ̀ níbí, ilẹ̀ pupa ló pọ̀. Èèyàn lè gbẹ́ kànga kó má kan òkúta kan tó tó ọmọ ọlọ. Ṣùgbọ́n tí mọ́tò bá ti ń súnmọ́ Ìdáàṣà, òkè á bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú lọ́tùn-ún lósì. Nígbà tí ẹ bá fi máa dé Ṣábẹ, òkúta wà lẹ́yìnkùlé, ó wà lábẹ́ oko, ó wà lábẹ́ ilé.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ra òkúta yẹn. Òun ni wọ́n ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ tí a fi ń po kọnkéré. Àwọn tó ń fi òòlù fọ́ ọ mọ̀ pé òkúta kan yàtọ̀ sí èkejì: òmíràn a máa là síbì kan náà ní gbogbo ìgbà, bí igi tí a fi àáké là, òmíràn kì í gbọ́ tẹni, ibi tó bá wù ú ló ń là sí. Bí òkúta náà ṣe wáyé ló fa ìyàtọ̀ yẹn. Bí ó ṣe wáyé náà wà lára ohun tó fà á tí ẹnì kan fi gbẹ́ kànga tó rí omi, tí aládùúgbò rẹ̀ gbẹ́ tirẹ̀ tó jẹ́ pé eruku ló ń jáde, tí owó sì ti lọ.

Ẹ mú òkúta tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là ní agbègbè náà, ẹ fi omi fọ̀ ọ́, kí ẹ gbé e sí oòrùn. Nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, ẹ ó rí ìlà dúdú, ìlà funfun, ìlà dúdú, ìlà funfun, bí aṣọ òfì. Nígbà míì ìlà náà á wọ́, á ká bí ejò. Èyí tó rí báyìí ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè ní gneiss. Kì í ṣe gbogbo òkúta ibẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀ o. Àwọn òkè kan jẹ́ granite, akọ òkúta tó yọ́ pátápátá nínú ilẹ̀ kó tó dì. Gneiss ní tirẹ̀ kò yọ́. Ó jinná ni.

Ọ̀nà mẹ́ta ni òkúta ń gbà wáyé. Ti àkọ́kọ́ yọ́ nínú ooru, ó sì dì. Ti ìkejì jẹ́ iyanrìn, ẹrẹ̀ àti ìkarawun tí omi kó jọ, tó ń tò lérí ara wọn títí ó fi le. Ìkẹta ni tiwa lónìí: òkúta tó ti wà tẹ́lẹ̀, tí ooru àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ inú ilẹ̀ sọ di òmíràn láì yọ́. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní òkúta ayírapadà. Àwọn ọmọ wa tó ń lọ sí ilé ìwé mọ̀ ọ́n sí roche métamorphique.

Ẹ wo amọ̀. Amọ̀kòkò mọ ọ́n, ó sá a, ó sì sun ún. Nígbà tó jáde nínú iná, kò yọ́, ìrísí tí wọ́n fún un ṣì wà lára rẹ̀. Síbẹ̀ kì í ṣe amọ̀ mọ́. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi fún ọdún mẹ́wàá, kò ní padà di ẹrẹ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ti gbá ara wọn mú lọ́nà tuntun. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún òkúta, àfi pé ẹbu tirẹ̀ kò ní iná, ọdún tó sì lò níbẹ̀ ju ohun tí ẹnu lè kà lọ.

Inú ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ooru náà ti ń wá. Bí a bá ń lọ sí ìsàlẹ̀, ooru ń lé sí i ní nǹkan bí ìwọ̀n Celsius 25 sí 30 ní kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Tí òkúta bá dé ibi tí ooru ti tó nǹkan bí 200, àwọn èròjà inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà díẹ̀díẹ̀. Tó bá fi máa dé 650 tàbí 700, tí omi sì wà nínú rẹ̀, apá kan lè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Òkúta tó dé ẹnu ààlà yìí, tí apá kan yọ́ tí apá kejì kò yọ́, ni wọ́n ń pè ní migmatite. Ó pọ̀ ní ilẹ̀ Ṣábẹ àti Ìdáàṣà.

Ooru nìkan kọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Òkúta tó wà lókè ń tẹ ti ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ méjì bá sì kọlu ara wọn, wọ́n ń há a láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ da ewé ẹ̀kọ sínú apẹ̀rẹ̀ bó ṣe wù yín, kí ẹ wá fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́: gbogbo ewé náà á dùbúlẹ̀ pẹlẹbẹ. Èròjà kan wà nínú òkúta tó tẹ́ bí ewé, tó sì ń dán bí dígí. Mica lorúkọ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń há òkúta, mica á dùbúlẹ̀ síbì kan náà. Èyí wà lára ohun tó ń fa ìlà tí ẹ ń rí, ojú ìlà yẹn náà sì ni òòlù ti ń rí òkúta là.

Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, Pentti Eskola, onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Finland, fi hàn pé òkúta méjì lè ní èròjà kan náà kí wọ́n má sì jọra, nítorí pé ooru àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ tí wọ́n bá pàdé kò dọ́gba. Àwọn ìyá wa lọ́jà kò ní bá a jiyàn. Ẹ̀wà lílọ̀ kan náà ni: ẹ dà á sínú epo gbígbóná, àkàrà ni, ẹ pọ́n ọn sínú ewé kí ẹ sè é, ọ̀lẹ̀lẹ̀ ni. Ẹni tó bá fi sí ẹnu kò nílò kí wọ́n sọ fún un bí wọ́n ṣe sè é.

Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa wà. Òkúta tí wọ́n ń wà ní Onigbolo, lágbègbè Pọ́bẹ̀, tí wọ́n fi ń ṣe símẹ́ǹtì, ìsàlẹ̀ omi òkun àtijọ́ ló ti kó jọ, kò tíì jinná rí. Tí irú òkúta bẹ́ẹ̀ bá wọ inú ilẹ̀ lọ tó jinná, mábù ló ń dà, irú èyí tí wọ́n ń wà ní Ìgbẹ́tì ní ilẹ̀ Nàìjíríà.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ èyí, nígbà tí kò sí ẹni tó dé ìsàlẹ̀ yẹn rí? Ihò tó jìn jù tí ọmọ ènìyàn tíì gbẹ́, ní Kola ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, fi díẹ̀ lé ní kìlómítà 12. Òkúta fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń bi léèrè. Onímọ̀ ilẹ̀ á mú òòlù àti kọ́ńpáàsì lọ sí oko, á wo ibi tí ìlà kọjú sí, á kọ ọ́ sílẹ̀, á sì gé òkúta díẹ̀ wálé. Nílé iṣẹ́, wọ́n á rẹ́ ẹ títí yóò fi fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ, ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà kan péré. Òkúta tó dúdú bí èédú tẹ́lẹ̀ á wá jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá. Lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, èròjà kọ̀ọ̀kan á yọ àwọ̀ tirẹ̀.

Èròjà wọ̀nyí ló ń sọ bí ooru ṣe tó. Ní 1893, George Barrow rí i ní àwọn òkè ilẹ̀ Scotland pé bí òun ṣe ń rìn láti ibì kan síbì kan, èròjà tuntun ń yọ nínú òkúta tó ti jẹ́ ẹrẹ̀ nígbà kan: àwọn kan níbi tí ooru kò ti pọ̀, garnet pupa lẹ́yìn rẹ̀, àwọn mìíràn níbi tí ooru ti ga jù. Òkúta náà ti wá dà bí ìwé tí a lè kà bí a ṣe ń rìn lórí rẹ̀.

Ní ti ọjọ́ orí, zircon ni wọ́n ń wá, hóró kékeré kan tó le gan-an. Uranium díẹ̀ wà nínú rẹ̀, tó ń di òjé díẹ̀díẹ̀ ní ìwọ̀n tí kì í yẹ̀. Ẹni tó bá wọn uranium tó ṣẹ́ kù àti òjé tó ti wà níbẹ̀ yóò mọ ọdún tó ti kọjá. Tí òkúta bá tún padà jinná, zircon lè fi awọ tuntun kún ara rẹ̀ bí àlùbọ́sà, wọ́n á sì ka ọjọ́ orí awọ náà lọ́tọ̀.

Ohun tí wọ́n kà nípa ilẹ̀ wa kò kéré. Ní nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún 600 sẹ́yìn, ilẹ̀ tó wà ní ìwọ̀ oòrùn wa àti ilẹ̀ tí Ṣábẹ wà lórí rẹ̀ kọlu ara wọn. Àpá ìkọlù náà la Tógò àti Benin kọjá títí dé òkè Atacora, àwọn onímọ̀ káàkiri ayé sì ń pè é ní Dahomeyide, láti ara Dahomey, orúkọ tí orílẹ̀-èdè wa ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ní òkè Lato ní gúúsù Tógò, òkúta kan wà tó ń jẹ́ éclogite, tí garnet pupa pọ̀ nínú rẹ̀. Kò lè wáyé lẹ́bàá ojú ilẹ̀. Ìsàlẹ̀ pátápátá ló ti ń jinná. Ní 2014, àwọn oníwádìí fi éclogite Mali, ti Tógò àti ti àríwá ìlà oòrùn Brazil wé ara wọn, wọ́n sì rí i pé láàárín mílíọ̀nù ọdún 20 péré ni gbogbo wọn wọ inú ilẹ̀ lọ. Nínú ti Mali, wọ́n ti rí àmì coesite, èròjà tó jẹ́ pé ibi tó jìn tó nǹkan bí kìlómítà 90 ló ti ń wáyé. Ká ní ọ̀nà Àjàṣẹ́ sí Kétu ṣe tààrà ni, bó ṣe gùn nìyẹn, ṣùgbọ́n sí ìsàlẹ̀.

Àwọn oníwádìí náà gbà pé òkè tó ga bíi Himalaya ló dúró níbẹ̀ nígbà náà. Òjò àti odò ti jẹ ẹ́ tán. Ìpìlẹ̀ òkè yẹn ni a ń fi òòlù fọ́ tà lónìí. Ká tó bí Àgùdà kankan tó ti Brazil padà wá sí Àjàṣẹ́, òkúta ibẹ̀ àti tibí ti jẹ́ ọmọ ìyá.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ omi. Lọ́dọ̀ wa ní Àjàṣẹ́, omi wà láàárín hóró iyanrìn. Ní Ṣábẹ, gneiss ti jinná débi pé kò sí àlàfo láàárín hóró rẹ̀. Ibi méjì péré ni omi lè sá sí: òkúta tó ti jẹrà lókè, àti ibi tí òkúta ti sán nísàlẹ̀. Ẹni tó bá gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, èyí tí a ń pè ní forage, tí kò bá ojú ibi tó sán pàdé, ó lè lọ jìnnà gan-an kó má rí nǹkan kan, kí omi sì wà lọ́dọ̀ aládùúgbò rẹ̀. Nítorí náà ni àwọn tó mọ iṣẹ́ fi ń kọ́kọ́ kan irin mọ́lẹ̀ ní ìtò, tí wọ́n á fi iná bátìrì gba inú ilẹ̀ kọjá. Òkúta tútù tó dì kì í jẹ́ kí iná kọjá dáadáa. Èyí tó jẹrà tàbí tó sán, tí omi wà nínú rẹ̀, ń jẹ́ kó kọjá. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti ṣe èyí kí ẹ tó san owó. Tí wọ́n bá ní ojú lásán làwọn fi ń mọ̀ ọ́n, ẹ ronú sí i.

Rírí omi nìkan kò tíì tó. Omi tó pẹ́ nínú òkúta ń tú èròjà inú rẹ̀, mica dúdú sì lè ní fluorure nínú. Ní ẹkùn Collines, àwọn oníwádìí ti bá a nínú omi kànga kan ju bó ṣe yẹ lọ. Ìwọ̀nba rẹ̀ dára fún eyín. Tó bá pọ̀ jù, eyín àwọn ọmọdé á ní àbàwọ́n, títí dé àwọ̀ ilẹ̀, tó bá sì pọ̀ gan-an fún ọ̀pọ̀ ọdún, egungun náà á fara gbá. Omi tó mọ́ lójú, tí kò rùn, lè ní i. Síse omi kì í mú un kúrò, ó tilẹ̀ ń jẹ́ kó ki sí i, nítorí omi ni ó ń gbẹ, fluorure kì í bá a lọ. Yàrá àyẹ̀wò ló lè sọ bó ṣe tó. Tí wọ́n bá gbé ìwé àyẹ̀wò omi kànga tuntun wá fún yín, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ fluorure sí: Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó má ju mílígíráàmù 1.5 lọ nínú lítà omi kan.