Ọ̀nà Tálákà sí Ìdájọ́

Àwọn àgbà ní ìlú tí kò sí òfin, ẹ̀ṣẹ̀ kò sí níbẹ̀. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n òfin nìkan kò tó. Kànga lè kún fún omi, bí kò bá sí okùn àti korobá tí a ó fi fà á, òùngbẹ yóò gbẹ ẹni tí ó dúró létí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni òfin rere rí, bí tálákà kò bá rí ọ̀nà dé iwájú adájọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ìdájọ́ ṣe wà ní ìlú kan, kí ó má ṣe wo ìwé òfin rẹ̀ nìkan. Kí ó wo bí ẹni tí kò lówó, tí kò sì ní alágbàwí, ṣe ń rí ẹ̀tọ́ rẹ̀ gbà.

Ní Ilé-Ifẹ̀ láyé àtijọ́, ọ̀nà yìí kò jìn. Bí ọkọ àti aya bá jà, tàbí tí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ń du ilẹ̀ oko, baálé agboolé ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Bí ọ̀ràn náà bá ta kókó mọ́ ọn lọ́wọ́, a ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ìjòyè àdúgbò, yálà ní Ìrẹmọ, ní Ìlódè tàbí ní Mọ̀ọ̀rẹ̀. Èyí tí ó bá sì ju agbára ìjòyè lọ, pàápàá ọ̀ràn ẹ̀jẹ̀, ààfin Ọọ̀ni ni yóò dé. Èdè tí ènìyàn fi ń ná ọjà ni ó fi ń ro ẹjọ́ rẹ̀. Tọ̀tún-tòsì ni a ń gbọ́, nítorí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Àmọ́ ètò náà ní àbùkù tirẹ̀. A kì í kọ ẹjọ́ sílẹ̀. Agbára káká ni ẹrú àti àlejò fi ń rí alágbàwí. Bí ó bá sì jẹ́ pé alágbára gan-an ni ó jẹ̀bi, ta ni yóò pè é lẹ́jọ́?

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dé, wọ́n dá kóòtù ìbílẹ̀ sílẹ̀, àwọn ọba àti ìjòyè sì jókòó níbẹ̀. Ní àwọn kóòtù ẹkùn tí ó wà lókè wọn, àwọn aṣojú ìjọba fúnra wọn ni ó ń dájọ́. Láti 1914 títí di 1933, wọn kò sì gbà kí agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ó ń pàṣẹ ìlú ni ó tún ń dá ẹjọ́ ìlú. Ní 1957 ni Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣe òfin tuntun fún àwọn kóòtù ìbílẹ̀.

Ohun tí ó ya ìjọba olófin kúrò lára ìjọba ipá ni pé òfin ga ju gbogbo ènìyàn lọ, ẹni tí ó ṣe é àti ẹni tí a ṣe é fún. Kì í ṣe òyìnbó nìkan ni ó mọ èyí. Nígbà tí àwọn Kálífà ń jọba lórí àwọn Lárúbáwá ní Bagidádì, wọ́n ní ilé ẹjọ́ kan tí a ń pè ní Mazalim, níbi tí mẹ̀kúnnù ti lè fi ẹjọ́ ìjòyè tàbí agbowó-orí tí ó rẹ́ ẹ jẹ sùn. Nàìjíríà náà dá àjọ kan sílẹ̀ ní 1975 tí yóò máa gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú lórí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba.

Síbẹ̀, ohun mẹ́rin ni ó ń dínà mọ́ tálákà. Kí a sọ pé àlejò kan wá láti ilẹ̀ Ẹ̀gbìrà, ó ń ṣe alágbàṣe ní oko kòkó lẹ́bàá Ifẹ̀, àpò kòkó kan sọnù, wọ́n sì mú un, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

Èkíní ni èdè. Kò gbọ́ Yorùbá dáradára, kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999 pàṣẹ pé kí a sọ ẹ̀sùn rẹ̀ fún un lákọsílẹ̀, ní èdè tí ó yé e, láàárín wákàtí 24. Bí ó bá dé kóòtù tí èdè ibẹ̀ kò yé e, ó yẹ kí ó ní ògbufọ̀ láìsan kọ́bọ̀.

Èkejì ni owó. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni a fi ń ra èké. Nítorí irú ẹni báyìí ni ìjọba àpapọ̀ ṣe dá Legal Aid Council sílẹ̀ ní 1976, kí ó máa wá agbẹjọ́rò fún aláìní lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ̀kẹta ni ìdádúró. Níbi tí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, òfin ní kí a gbé ẹni tí a mú dé ibẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n ó ju ìdajì àwọn tí ó wà ní ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà lọ tí adájọ́ kò tíì dá lẹ́bi. Ìdájọ́ ni wọ́n ń retí. Òfin ka irú wọn sí aláìjẹ̀bi, ilẹ̀kùn sì tì mọ́ wọn.

Ẹ̀kẹrin, tí ó burú jù, ni àìmọ̀. Alágbàṣe yìí kò mọ̀ pé ọ̀fẹ́ ni béèlì ní àgọ́ ọlọ́pàá. Bí ó bá sá, tí wọ́n sì mú aya rẹ̀ dípò rẹ̀, aya náà kò ní mọ̀ pé òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2015 kọ̀ ọ́ pé kí a mú ẹnìkan nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn.

Kì í sì í ṣe gbogbo aáwọ̀ ni ó yẹ kí ó dé kóòtù, nítorí a kì í ti kóòtù bọ̀ kí a ṣọ̀rẹ́. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó rí èyí, wọ́n dá ibi ìlàjà ọ̀fẹ́ sílẹ̀ fún aráàlú ní 1999. Ọgbọ́n baálé agboolé ni wọ́n mú padà, tí wọ́n sì fi àkọsílẹ̀ kún un.

Níbi tí ọ̀nà ìdájọ́ bá dí, àwọn ènìyàn a máa fi ọwọ́ ara wọn dájọ́. Níbẹ̀ ni a ti ń fi táyà sun ẹni tí a kàn pariwo olè lé lórí. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ààlà oko ti ń di ìjà àdá. Iṣẹ́ ìjọba ni láti la ọ̀nà náà, iṣẹ́ adájọ́ sì ni láti má ṣe ojúsàájú. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tí ó mọ̀ ọ́n kọ, tí ó mọ̀ ọ́n kà, ní iṣẹ́ tirẹ̀ pẹ̀lú: kí ó ka ìwé tí kóòtù fi ránṣẹ́ sí aládùúgbò rẹ̀ fún un, kí ó sọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún un, kí ó sì bá a dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó lè ràn án lọ́wọ́ kí ọjọ́ ẹjọ́ tó kọjá.