Ọ̀pẹ Inú Àdúgbò ní Àbújá: Èwo Ni Ká Gé, Èwo Ni Ká Fi Sílẹ̀?

Láti ìgbà tí òfin ìjọba ológun ti ọdún 1976 ti ya ilẹ̀ àwọn Gbàgyí àti àwọn aládùúgbò wọn sọ́tọ̀ fún olú-ìlú tuntun, tí ètò ìlú ti 1979 sì fi àyè ńlá sílẹ̀ fún ọgbà àti koríko tútù, ọ̀pẹ ti wà lára àwọn igi tí ń bu ẹwà kún àdúgbò Àbújá: royal palm tí ó ti ìhà Cuba wá, dàbínù ilẹ̀ Lárúbáwá, àti ọ̀pẹ ẹlẹ́yìn tiwa-n-tiwa, igi Ọ̀rúnmìlà, a-fi-màrìwò-da-Ògún-láṣọ. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ń sún mọ́lé, tí ìjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí igi jìgìjìgì, ẹni tí imọ̀ gbígbẹ já lu ọkọ̀ rẹ̀ a ní kí wọ́n fá orí ọ̀pẹ náà kanlẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rù ejò ń bà, àti ẹni tí ariwo ẹ̀ga kò jẹ́ kí ó sùn, a gbè é lẹ́sẹ̀. Àròyé wọn kì í ṣe asán, ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ọ̀pẹ kì í ṣe ẹgbẹ́ máńgòrò. Máńgòrò tí a bẹ́ lórí a tún rúwé láti ẹ̀gbẹ́. Ojú kan ṣoṣo ni ọ̀pẹ fi ń dàgbà, ní àárín orí gan-an níbi tí ọ̀gọ̀mọ̀ ti ń yọ, bí àdá bá sì ba ibẹ̀ jẹ́, ó parí fún igi náà nìyẹn. Ọgbẹ́ ara rẹ̀ kì í sì í dí: ihò tí irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí àwọn agégi kan ń wọ̀ sẹ́sẹ̀ bá dá sí i, yóò wà níbẹ̀ títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Èyí ni mo fi ń yin àwọn akọpẹ wa, tí igbà lásán ń gbé dókè.

Imọ̀ tútù ni igi fi ń ti ara oòrùn ṣe oúnjẹ. Èyí tí ó ti gbó nísàlẹ̀, tí etí rẹ̀ ń gbẹ, tí àmì wínníwínní aláwọ̀ ọsàn sì ń yọ lára rẹ̀, sábà máa ń fi hàn pé pọtásíọ̀mù kò tó nínú ilẹ̀, àti pé igi náà ń fà á kúrò lára àgbà imọ̀ láti fi bọ́ màrìwò. Bí a bá gé àgbà náà kí ó tó gbẹ tán, ara èyí tí ó tẹ̀ lé e ni igi yóò tún ti fà á, àìsàn náà yóò sì máa gòkè lọ. Ọ̀pẹ ẹlẹ́yìn ń yọ imọ̀ tuntun bí 2 lóṣù, àwọn olóko tí ó mọṣẹ́ kì í sì í fẹ́ kí èyí tí ń bẹ lórí igi àgbà dín sí 32. Ní Florida, lẹ́yìn ìjì líle ọdún 2004 àti 2005, àwọn onímọ̀ ṣàkíyèsí pé ọ̀pẹ tí a ti fá lórí nítorí ìjì ni orí rẹ̀ tètè kán ju èyí tí imọ̀ rẹ̀ pé lọ.

Imọ̀ tí ó ti gbẹ tán, tí iná lè ràn mọ́ nígbà ọyẹ́, tí eku àti ejò sì lè fi ṣe ibùgbé, kí á gé e. Ìdì ẹyìn tí ó wúwo lókè ibi tí ọmọdé ń ṣeré, kí á gé e. Kí ẹni tí ó dúró lókèèrè na apá méjèèjì gbọọrọ sí ẹ̀gbẹ́ bí ó ti ń wo igi náà: imọ̀ tútù tí ó bá nà sókè ju bẹ́ẹ̀ lọ, àdá kò gbọdọ̀ kàn án, nítorí òórùn ọgbẹ́ tútù a máa pe kòkòrò tí ń yé ẹyin sínú ọ̀pẹ, tí ìdin rẹ̀ yóò sì jẹ orí igi run láti inú. Royal palm ní tirẹ̀ ń já imọ̀ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n imọ̀ kan lè wọn kílò 20, nítorí náà kí a má ṣe gbé ọkọ̀ sábẹ́ rẹ̀.

Igi etí títì kì í ṣe ti onílé. Ẹ̀ka ọgbà àti ìgbafẹ́ ti AMMC, àjọ tí ń bójú tó ìlú Àbújá, ni a ó kọ́kọ́ bi. Èyí tí ó wà lábẹ́ wáyà iná ni mo gbà pé kí a hú kúrò, nítorí a kò lè gé ọ̀pẹ kúrú kí ó yè. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ gbin òmíràn, kí ó kọ́kọ́ gbójú sókè wo ibi tí wáyà gbà.