Altair, Ìràwọ̀ Tí Eré Fẹ̀ Níbàdí

Àwòrán ojú ìràwọ̀, 2007
Ibùdó CHARA, orí òkè Mount Wilson, California, Amẹ́ríkà

Oòrùn ń lo nǹkan bí ọjọ́ 25 kó tó yí po lẹ́ẹ̀kan. Nǹkan bíi wákàtí 9 péré ni Altair ń lò. Eré yìí ló ti ìbàdí rẹ̀ síta, bí aṣọ eégún ṣe ń fẹ̀ nígbà tó bá ń pòyì. Ìbú rẹ̀ fi ohun tó lé ní ìdá kan nínú márùn-ún ju òró rẹ̀ lọ.

Ẹ wo ìkangun tó mọ́lẹ̀ yòò nínú àwòrán: ibẹ̀ gbóná ju ìbàdí tó ṣókùnkùn lọ, nítorí pé ìbàdí ti jìnnà sí àárín gbùngbùn ìràwọ̀ náà.

Awò awọ̀nàjíjìn kan ṣoṣo kò lè rí èyí. Mẹ́rin tó wà káàkiri orí òkè náà ni wọ́n da ìmọ́lẹ̀ wọn pọ̀, tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ bí awò ńlá kan.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá, ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́, Altair máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lókè orí gan-an ní Ìjẹ̀bú-Òde. Bí ojú ọ̀run bá mọ́, ẹ gbójú sókè, ẹ wá a.