Ta ló ń sọ ará ilé Big Brother di gbajúmọ̀?

Ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò àṣekágbá ni Laycon kó nígbà tó gbégbá orókè nínú Big Brother Naija ọdún 2020. Abẹ́ òrùlé kan náà lòun àti àwọn yòókù jọ wà, kámẹ́rà kan náà ló ń ṣọ́ wọn tọ̀sántòru. Kí ló wá sọ ọ̀kan di ìlúmọ̀ọ́ká, tí òmíràn fi kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé láìsí ẹni tó bi í léèrè? Irú ìbéèrè yìí ló mú kí àwọn onímọ̀ nípa àwùjọ máa fojú ìwádìí wo ètò tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ń pè ní ìranù. Ní tèmi, Òkukù, ìlú kan ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ló yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀.

Ní àwọn ọdún 1970, Karin Barber, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá gbé ní Òkukù láti kọ́ nípa oríkì. Ìwé rẹ̀, I Could Speak Until Tomorrow, jáde ní 1991. Ohun tó rí ni pé ìdílé nìkan kọ́ ló ń sọ ọlọ́lá àtijọ́ di ẹni ńlá. Èèyàn ni ọlọ́lá ń kó jọ: ìyàwó, ọmọ, ìwọ̀fà, àna, ọ̀rẹ́. Bí wọ́n bá ṣe ń ki ọlọ́lá tó, bẹ́ẹ̀ ni òkìkí rẹ̀ ń kàn, tí èèyàn tún ń wọ́ tọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá túká, ọlá túká nìyẹn. Nínú àpilẹ̀kọ kan ní 1981, ó fi hàn pé bákan náà ló rí láàárín òrìṣà àti àwọn tó ń bọ ọ́. Ṣebí àwọn àgbà ti ní bí èèyàn ò sí, òrìṣà ò sí.

Ẹ wá fi èyí wo àwọn tó ń dìbò fún ará ilé Big Brother. Àwọn ti Laycon ń pe ara wọn ní iCONs, àwọn ti Tacha, tóun náà ti wà nínú ilé náà rí, ń jẹ́ Titans. Nígbà tí wọ́n lé Erica, ará ilé mìíràn, jáde ní oṣù kẹsàn-án 2020, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ dá owó jọ fún un lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan ní orí àwọn olólùfẹ́ yìí ò pé. Mo rò pé ọlọ́lá Òkukù àtijọ́ kan á mọ ohun tí wọ́n ń ṣe dáadáa.

Àmọ́ ẹni tó sá di ọlọ́lá ń rí oúnjẹ àti ààbò níbẹ̀. Kí ni ẹni tó ń dìbò ń rí? Iṣẹ́ mìíràn tí Barber ṣe lè là wá lọ́yẹ̀. Ó tẹ̀lé ẹgbẹ́ òṣèré Oyin Adéjọbí ti Òṣogbo káàkiri, ó tiẹ̀ bá wọn ṣeré. Adéjọbí yìí ló ni Kóòtù Aṣípa, eré tó máa ń jáde lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ lórí NTA Ìbàdàn nígbà kan rí. Barber rí i pé òǹwòran kì í jókòó lásán. Kálukú ló ń wá ẹ̀kọ́ tó bá ayé tirẹ̀ mu. Ohun tí ìyálé bá mú lọ sílé lè má jẹ́ ti ìyàwó.

Ní ti Big Brother gan-an, olùwádìí kan ní Bìrìtéènì, Annette Hill, ṣèwádìí lọ́dọ̀ àwọn òǹwòran tó lé ní 8,000 ní nǹkan bí ọdún 2000, nígbà tí Big Brother ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Netherlands débẹ̀. Àwọn òǹwòran mọ̀ pé eré làwọn ará ilé ń ṣe. Ìgbà tí eré á já mọ́ wọn lọ́wọ́, tí ìwà gan-an á yọjú, ni wọ́n ń ṣọ́.

Àríyànjiyàn tó ń bá ètò náà rìn pàápàá ń sọ irú ẹni tí a jẹ́, torí ó ń fi ohun tí a kà sí ìwàkiwà hàn. Ní 2003, ilé aṣòfin Màláwì ní kí tẹlifíṣàn ìjọba yéé gbé Big Brother Africa jáde.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú ìwádìí yìí lónìí ò nílò àtiwọ ilé Big Brother. Kó jókòó ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí ní Ìnísà, tàbí lọ́dọ̀ àwọn tó ń gba iná sí fóònù ní Ìkìrun, kó máa gbọ́ ẹni tí wọ́n ń gbèjà. Kó béèrè ìwà tí wọ́n ń bu ẹnu àtẹ́ lù lára obìnrin, tí wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín bó bá jẹ́ ọkùnrin. Lẹ́yìn náà, kó béèrè ìdí tó fi jẹ́ pé Katung, Efe àti Miracle, ọkùnrin mẹ́ta léraléra, ló kọ́kọ́ gbégbá orókè nínú Big Brother Naija, kó tó kan obìnrin, Mercy Eke, ní 2019.